Odò Olórógbó Kì í Ṣe Gọ́tà

Màríámù, ọmọ ọmọ mi, ló ń kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Èmi Ràfátù ni mo ń sọ ọ́. Mo ti kìlọ̀ fún un pé kó má bá mi tún un ṣe, kó má sì yọ ibi tí kò bá mi lára mu kúrò. N kò mọ̀wé. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ṣí máàpù inú fóònù yín, tí ẹ fi ìka fà á wá sí apá Agége àti Ọgbà, ọ̀pọ̀ nínú orúkọ odò tí ẹ máa rí níbẹ̀, ẹsẹ̀ mi yìí ló rìn wọ́n, ẹnu mi yìí ló béèrè wọn. Ẹni tó bá ní irọ́ ni mo ń pa, kó wá bá mi nílé.

Mo gbọ́ pé ẹ̀yin ọmọ ìwòyí máa ń jókòó ro iṣẹ́ tí ẹ máa fi ọjọ́ ayé yín ṣe, ẹ sì máa ń bi ara yín pé èwo ló ń mówó wọlé jù. Ẹ má bi mí ní ìyẹn. Iṣẹ́ mi bọ́ mi, ó bọ́ ọmọ mẹ́rin, ó parí.

Ògbómọ̀ṣọ́ ni àwọn òbí mi ti wá sí Agége. Nígbà tí mo wà lọ́mọge, omi ni mo ń pọn tà. Wọ́n ń kọ́ àwọn iléeṣẹ́ ńláńlá sí Ìkẹjà àti Oregun nígbà náà, òùngbẹ sì máa ń gbẹ àwọn bíríkìlà. Mo mọ gbogbo omi agbègbè yẹn bí ìyàwó ilé ṣe ń mọ ìwà orogún rẹ̀: mo mọ èyí tó máa ń mọ́ láàárọ̀, mo mọ èyí tó máa ń rùn lẹ́ẹ̀rùn, mo mọ èyí tó dákẹ́ tó sì jìn. Lọ́jọ́ kan, ọkùnrin gíga kan tó gbé ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kalẹ̀ ra omi lọ́wọ́ mi. Ó mu ún tán, ó ní, "Sísì, odò wo ni èyí ti wá?" Mo ní ojú omi méjì ni mo ti pọn ọ́n, èwo ló ń béèrè nínú méjèèjì? Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n ka orúkọ gbogbo odò tí mo mọ̀. Mo kà á títí omi tó kù nínú garawa mi fi lọ́ wọ́ọ́rọ́. Bí mo ṣe di ọmọ iṣẹ́ Ọ̀gá Àjàyí awọnlẹ̀ nìyẹn.

Ọ̀gá máa ń wọn ilẹ̀, wọ́n á sì ya máàpù rẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ kọ́lé tàbí tó fẹ́ dá iléeṣẹ́ sílẹ̀. Àwọn ọkùnrin ló ń fa ṣéènì ìwọnlẹ̀. Èmi, orúkọ ni wọ́n ní kí n máa wá. Wọ́n ní ilẹ̀ tí a wọ̀n tí a kò mọ orúkọ ohun tó wà lórí rẹ̀, aṣọ tí a gé láìmọ ẹni tó fẹ́ wọ̀ ọ́ ni.

Òfin ẹnu mẹ́ta ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ mi. Orúkọ odò kò gbọdọ̀ wọ inú máàpù àfi tó bá ti ẹnu ènìyàn mẹ́ta jáde: ẹnì kan ní bèbè tìhín, ẹnì kan ní bèbè tọ̀hún, àti ẹnì kan tó ti ń mu omi náà tàbí tó ti ń wẹ̀ nínú rẹ̀ láti kékeré. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò gbọdọ̀ jẹ́ ará ilé kan náà. Èmi tí mò ń béèrè kì í ṣe ẹnu; bí mo tilẹ̀ mọ orúkọ náà tẹ́lẹ̀, a kì í ka tèmi mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tún wá fi ọ̀kan lé e.

"Má bi ẹni tó ń ta ilẹ̀, Ràfátù. Ẹni tó ń ta ilẹ̀ kì í mọ orúkọ odò. Ojú rẹ̀ máa ń fọ́ sí omi."

Níwọ̀n bí n kò ti lè kọ nǹkan sílẹ̀, òkúta ni mo sọ di ìwé. Etí odò kọ̀ọ̀kan tí mo bá dé, màá ṣa òkúta wẹ́wẹ́ kan, màá so ó mọ́ etí ìró mi. Tí mo bá padà dé ọ́fíìsì ní Ìkẹjà, màá tú wọn, màá tò wọ́n sórí tábìlì bí mo ṣe rìn ín, màá máa fọwọ́ kàn wọ́n, màá sì máa pe orúkọ. Bùrọ̀dá Sùnmọ́nù, tó ń fi íńkì ya máàpù, á máa kọ ọ́. Aláwàdà ènìyàn ni. Á ní, "Sísì Olókùúta, ọjọ́ tí ìró yìí bá já, gbogbo Agége ló máa rí ohun tí ọkọ rẹ ń fi pamọ́." Èmi náà á ní kó gbájú mọ́ íńkì rẹ̀, ìró mi kì í ṣe ara ohun tí wọ́n ní kó yà.

Ẹ má rò pé eré ni gbogbo rẹ̀. Ọ̀gá le bí ojú ẹja. Lọ́dún tí mo bẹ̀rẹ̀, mo ti Oregun dé lọ́jọ́ kan, ó ti rẹ̀ mí, mo to òkúta, mo pe orúkọ. Wọ́n tọ́ka sí ọ̀kan, wọ́n ní, "Ta ni ẹnu kẹta eléyìí?"

Mo ní, "Ìyá kan tó ń ta ẹ̀kọ ni, sà."

"Kí lorúkọ ìyá náà?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tún òkúta tò.

"Ọmọ mélòó ló bí? Ẹ̀kọ funfun ló ń tà àbí pupa?"

Kò sí ìyá ẹlẹ́kọ kankan. Ẹnu méjì péré ni mo gbà. Ọ̀gá mú òkúta náà lórí tábìlì, wọ́n fi lé mi lọ́wọ́. "Dá a padà síbi tí o ti mú un. Tí o bá gba ẹnu kẹta, kí o tún un mú wá." Ẹsẹ̀ ni mo fi rìn ín lọ, ẹsẹ̀ ni mo fi rìn ín bọ̀. Mo ṣépè fún wọn lójú ọ̀nà, Ọlọ́run forí jì mí. Ṣùgbọ́n mo gba ẹnu kẹta, ọkùnrin apẹja kan ni, orúkọ tó sì sọ kò bá tàwọn méjì àkọ́kọ́ mu rárá. Mo tún ní láti béèrè lọ́wọ́ ènìyàn mẹ́rin mìíràn kí ọ̀rọ̀ tó dọ́gba. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé ọkùnrin yìí kò kàn ń fìyà jẹ mí.

Ibi tó wá kàn ni mo ní kí Màríámù má yọ.

Ilẹ̀ kan wà láàárín Agége àti Ọgbà tí wọ́n ní ká wọ̀n. Ẹ̀rùn ni. Mo wà nínú oyún ọmọ mi kejì, ẹsẹ̀ mi wú. Nígbà tí mo dé ibẹ̀, mo rí ojú odò kan tó gbẹ, koríko ti hù sí i. Odò yẹn kò sí lára èyí tí mo ti ń pọn omi, n kò mọ orúkọ rẹ̀. Ọkùnrin tó ń ta ilẹ̀ náà jókòó sábẹ́ agbòjò. Ó dìde fún mi, ó gbé àga fún mi, ó ṣí mínírà tútù kan lé mi lọ́wọ́.

"Ìyá Ìbejì, ẹ fìdí lélẹ̀. Kí lẹ ń wá nínú oòrùn yìí?"

Mo ní, "Orúkọ odò yìí ni, sà."

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Odò kẹ̀? Gọ́tà òjò ni. Ta ló ń sọ gọ́tà lórúkọ?"

Mo mọ òfin. Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n kọjá sí bèbè tọ̀hún. Ṣùgbọ́n ó jìnnà, oòrùn mú, mínírà náà sì tutù. Mo mu ún tán, mo padà sí ọ́fíìsì, mo sọ fún Ọ̀gá pé ẹnu mẹ́ta ló ní gọ́tà ni. Ọ̀gá wo ojú mi, wọ́n wo ikùn mi, wọn kò bi mí ní orúkọ ẹnikẹ́ni. Àánú kan ṣoṣo tí mo rí lọ́wọ́ wọn rí nìyẹn, àánú náà ló sì pa ènìyàn.

Bùrọ̀dá Sùnmọ́nù kò ya odò kankan síbẹ̀. Wọ́n ta ilẹ̀ náà, wọ́n kọ́lé lé e. Òjò ọdún kìíní rọra rọ̀. Ní ọdún kejì, ọjọ́ Jímọ̀ kan, àwọn ènìyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ti mọ́ṣáláṣí bọ̀ ni omi dé. Kò wá láti òkè, ilẹ̀ ni wọ́n ní ó gbà wọlé, ó ń gba ojú ọ̀nà rẹ̀ àtijọ́. Aránṣọ kan tó ń jẹ́ Fọlákẹ́ gbé ọmọbìnrin rẹ̀ kékeré lọ sórí ilé alájà kan ládùúgbò, ó sì padà lọ kó aṣọ àwọn oníbàárà rẹ̀, kí wọ́n má baà ní ó sọ aṣọ wọn nù. Ògiri wó lù ú. Ọjọ́ kejì ni wọ́n tó rí òkú rẹ̀, níwájú lọ́hùn-ún, lápá Ọgbà.

Mo lọ bá Ọ̀gá, mo kúnlẹ̀, mo jẹ́wọ́. Wọn kò nà mí, wọn kò lé mi. Wọ́n jókòó bí ẹni tí wọ́n gbá létí. Wọ́n ní, "Lọ gba ẹnu mẹ́ta wá." Mo pọn ọmọ, mo lọ, mo gbà á. Odò Olórógbó lorúkọ rẹ̀, nítorí igi orógbó kan tó wà ní ojú orísun rẹ̀. Gbogbo ará bèbè tọ̀hún ló mọ̀ ọ́n. Ká ní mo rìn díẹ̀ sí i lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹni àkọ́kọ́ tí mo bá pàdé ni ì bá sọ fún mi. Bùrọ̀dá Sùnmọ́nù ya máàpù mìíràn. Ṣùgbọ́n máàpù tí wọ́n ti tà kì í padà wálé. Tuntun náà wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù ọ́fíìsì wa, ti àtijọ́ sì wà lọ́wọ́ ayé. Nígbà tó yá, wọ́n da kóńkéré bo apá kan odò náà, wọ́n kọ́ ilé ìkẹ́rùsí sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, gbogbo ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní gọ́tà. Irọ́ mi ló borí.

Mo lọ bá wọn sin Fọlákẹ́. N kò sọ ohunkóhun fún àwọn ẹbí rẹ̀. Ẹ̀rù bà mí.

Láti ìgbà náà, n kò tún gba ẹnu tí kò pé mẹ́ta pe mẹ́ta mọ́. Ọ̀gá kú, ọmọ wọn gba ọ́fíìsì, ó kó kọ̀ǹpútà wọlé. Omi tuntun rú, ẹja tuntun wọ̀ ọ́. Bùrọ̀dá Sùnmọ́nù wo kọ̀ǹpútà náà fún ọ̀sẹ̀ kan, ó nu kálámù rẹ̀, ó lọ sílé, kò padà mọ́. Wọ́n rò pé èmi náà máa lọ. Ẹnjiníà kékeré kan pè mí sí ìdí ẹ̀rọ rẹ̀. "Màmá, ẹ lè máa sinmi o. Sátẹ́láìtì ti rí gbogbo rẹ̀ láti òkè."

Mo ní, "Ó rí orí tìrẹ náà láti òkè. Ní kó pe orúkọ rẹ."

Gbogbo ọ́fíìsì rẹ́rìn-ín, ó sì bínú. Kò pé oṣù mẹ́ta tí òun fúnra rẹ̀ fi wá bá mi. Ẹ̀rọ rẹ̀ rí omi méjì tó pàdé, kò mọ èyí tí orúkọ rẹ̀ ń bá lọ àti èyí tí tirẹ̀ parí síbẹ̀. Ìyẹn kò sí lójú ọ̀run, ẹnu àwọn tó ń pọn ọ́n ló wà. Mo wọ bàtà mi, mo lọ béèrè. Wọ́n pààrọ̀ kọ̀ǹpútà lẹ́ẹ̀mẹrin lójú mi. Èmi, orúnkún mi nìkan ni wọn kò rí pààrọ̀. Òun ló jẹ́ kí n fi iṣẹ́ sílẹ̀.

Mo ti ń sinmi nígbà tí Màríámù gbé fóònù wá. Ó ní máàpù kan wà tí gbogbo ayé jọ ń kọ: ẹni tó bá mọ ibì kan lè fi orúkọ rẹ̀ sí i, ẹlòmíràn náà sì lè yọ ọ́. A bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́. Mò ń pè, ó ń tẹ̀ ẹ́. Ó dé orí ìlà tín-ínrín kan láàárín Agége àti Ọgbà, ó ní, "Ìyá àgbà, wọ́n pe eléyìí ní gọ́tà. Ṣé ó lórúkọ?"

Mo fi ìka mi kan ìlà náà. Mo ní, "Kọ Odò Olórógbó. Sọ ọ́ di búlúù."

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, gọ́tà ni a tún bá níbẹ̀. A kọ ọ́ padà. Wọ́n tún yọ ọ́. Ẹ̀ẹ̀kẹta, ẹni tó ń yọ ọ́ rí orúkọ Màríámù lára ohun tí a kọ, ó béèrè ọ̀nà títí ó fi wá bá wa nílé. Ọkùnrin sísanra kan ni, Alága ni wọ́n ń pè é, ó ń ta ilẹ̀ tó kù létí odò náà kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ fún mi dáadáa.

"Màmá, àwọn oníbàárà máa ń wo fóònù kí wọ́n tó wo ilẹ̀. Tí wọ́n bá ti rí odò níbẹ̀, wọ́n á sá. Gọ́tà sì ni, ẹ̀yin náà mọ̀."

Mo ní, "Ta ló sọ fún ẹ pé mo mọ̀?"

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹ jẹ́ ká má jà. Títì kan wà níbẹ̀ tí a kò tíì sọ lórúkọ. Orúkọ yín ni màá fi sọ ọ́. Títì Àlhájà Ràfátù. A máa gbé bọ́ọ̀dù rẹ̀ síbẹ̀, ó máa hàn nínú máàpù, àwọn ọmọ ọmọ yín máa máa rí i."

Ẹ wò ó, n kò ní í parọ́ fún yín lẹ́ẹ̀mejì: ó wù mí. Gbogbo ọdún tí mo fi kó orúkọ jọ, kò sí tèmi níbì kankan. Mo ronú sí i bí ẹni tó ń tọ́ adùn lẹ́nu. Lẹ́yìn náà mo ní, "Alága, ìgbà kan ti wà tí ẹnì kan fún mi ní mínírà nítorí odò yìí. Tìrẹ dùn ju tiẹ̀ lọ. Dìde, máa lọ."

Àwọn tó ń ṣètò máàpù náà kọ̀wé sí Màríámù pé ènìyàn méjì ń jà sí orúkọ kan, kí àwa mú ẹ̀rí wá.

Mo ní, "Ẹnu mẹ́ta."

Ó ní, "Ìyá àgbà, wọn kò dá iye kan."

"Èmi dá iye kan."

Àwọn tó sọ orúkọ náà fún mi nígbà àkọ́kọ́ ti kú tán. Wòlíì ìjọ aláṣọ funfun tó wà ní bèbè tìhín ni a kọ́kọ́ lọ bá. Ó ní, "Àlhájà, kò yẹ kí ẹ tún máa béèrè. Inú Olórógbó ni wọ́n ti rì mí bọmi." Màríámù gbà á sínú fóònù. Ẹnì kejì ni bàbá arúgbó kan tó ń lẹ táyà ní Agége, tó ti ń wẹ̀ nínú rẹ̀ láti kékeré. Òun sọ orúkọ náà, ó sì fi àpá ibi tí nǹkan ti gé e lẹ́sẹ̀ nínú odò náà hàn wá, bí ẹni pé ẹ̀rí nìyẹn.

Ó wá ku bèbè tọ̀hún. Ilé ìkẹ́rùsí ti gba ibẹ̀ tán, àfi ilé kan péré tí wọ́n kò tà. Mo mọ ilé náà. Ilé ẹ̀gbọ́n Fọlákẹ́ ni. Bísí, ọmọbìnrin kékeré tí Fọlákẹ́ gbé lọ sórí ilé alájà lọ́jọ́ yẹn, ibẹ̀ ló dàgbà sí, ibẹ̀ ló sì ti ń ránṣọ báyìí. Nígbà tí mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Màríámù, ó ní ká wá ẹlòmíràn. Mo ní kò sí ẹlòmíràn. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ á bá a, èmi ni irọ́ náà, ẹsẹ̀ kò sì jẹ́ kí n lè sáré mọ́.

Bísí fún wa ní àga. Ó ní ṣé ìró ni mo fẹ́ rán. Mo ní rárá, mo fẹ́ béèrè orúkọ odò ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, ṣùgbọ́n kó tó dáhùn, ó ní ohun tó yẹ kó gbọ́. Mo sọ ọ́ fún un bí mo ṣe sọ ọ́ fún yín, mínírà náà kò gbẹ́yìn. Kò dá mi dúró. Nígbà tí mo parí, ó ní, "Ẹ̀yin nìyẹn."

Mo ní, "Èmi ni."

"Gbogbo ìgbà tí mo fi ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà yín ní Agége, tí mò ń kí yín."

"Èmi ni. Mo wá tọrọ àforíjì."

Ó ní, "Kí lẹ fẹ́ kí n fi ṣe?" Ó gé òwú lára aṣọ tó wà lórí ẹ̀rọ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, kò wò mí, Màríámù ló wò. "Gbé fóònù yẹn wá."

Màríámù gbé e síwájú rẹ̀. Bísí ní, "Odò Olórógbó ni. Òun ló gbé ìyá mi lọ. Ẹ má pè é ní gọ́tà. Ìyá mi kò kú sínú gọ́tà." Lẹ́yìn náà ó fẹsẹ̀ tẹ ẹ̀rọ rẹ̀, ó ń ránṣọ lọ. Kò sìn wá jáde. Kò sì yẹ kó sìn wá.

Wọ́n gba ẹ̀rí náà. Orúkọ odò ti wà níbẹ̀, Alága kò sì rí i yọ mọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń wá iṣẹ́, wọn á sọ fún yín pé ẹ̀rọ ti gba gbogbo rẹ̀. Ẹ má gbà á gbọ́. Ẹ̀rọ kì í kọjá sí bèbè tọ̀hún. Ibikíbi tí ẹ bá ti rí ohun tí ènìyàn ní láti rìn lọ béèrè, tí ẹni tó fún yín ní àga kò sì fẹ́ kí ẹ béèrè rẹ̀, iṣẹ́ wà níbẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Wòlíì sọ fún mi pé tọkọtaya kan wá wo ilẹ̀ náà, ìyàwó lóyún. Ọkọ ṣí fóònù, ó fi han ìyàwó, wọ́n padà sínú ọkọ̀ wọn, wọ́n lọ. Kò pẹ́ tí Alága pè mí.

"Màmá, ẹ ti ba ọjà mi jẹ́. Kí ni mo fi ṣe yín?"

Mo ní, "Alága, nígbà tí mo pa ẹnu mọ́, ilé ẹlòmíràn ló bàjẹ́, kò sì sí ẹni tó pè mí. Mo ti la ẹnu báyìí, ọjà rẹ ló bàjẹ́, ìwọ sì pè mí. Mo fara mọ́ ọn bẹ́ẹ̀."

Ó ṣì ń sọ̀rọ̀ nígbà tí mo pa fóònù. Ọwọ́ òsì ni mo fi pa á.